Ọjọ́ tí A Fá Orí Ràímì

Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n gbọ́ ọ. Ó tó, ẹ pa á. Mọ́tò yín dára, n kò ní kó má dára, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ mọ́ jù létí mi. Ẹ ní kọ̀ǹpútà ni ẹni tó tún un ṣe fi bá a sọ̀rọ̀, pé epo kò tilẹ̀ kan án lọ́wọ́. Ẹ tún ní ẹ̀rọ kan wà nínú rẹ̀ tó ń fi ipá ti afẹ́fẹ́ sí i lọ́fun kó lè sáré. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn ti ayé wa, imú ara wọn ni wọ́n fi ń mí. Ìwọ̀nba ohun tí imú wọn bá fà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá sì fẹ́ kí wọ́n sáré ju bí òyìnbó ṣe ṣe wọ́n lọ, àfi kó la imú náà sí i. Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi. Èmi tí ẹ ń wò yìí, tí ẹ ń bá gbé ife omi, mo ti la imú mọ́tò rí ní Ìkòròdú yìí, gbogbo Ẹ̀pẹ́ sì gbọ́.

Ìkòròdú tí ẹ mọ̀ kọ́ ni mo ń wí. Kí a tó gba òmìnira ni. Ìtamàga tí èrò ti ń fún ara wọn pa lónìí, oko ẹ̀gẹ́ ló yí i ká nígbà náà, abẹ́ igi ọ̀dán kan ni ṣọ́ọ̀bù mi sì wà. Kò sí páànù lórí rẹ̀. Bí òjò bá dé, a ó ta tapólì bo ẹ́ńjìnnì, àwa fúnra wa á dúró nínú òjò, nítorí ènìyàn kì í dípẹtà. Láàárọ̀, ohun tó ń jí wa ni ohùn ládàánì tó gun orí òkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kankan, lẹ́yìn rẹ̀ ni fèrè ọkọ̀ ojú omi láti Èbúté. Ìlú dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí lọ́ọ̀rì bá ń bọ̀ láti Ṣágámù, a ó ti máa gbọ́ ọ kó tó yọ. Mo máa ń ti ibi tí mo sùn sí lábẹ́ mọ́tò sọ pé, "Ti Súlè nìyẹn, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kan ti kú." Bó bá dé, a ó ṣí i, a ó bá púlọ́ọ̀gì kan tó ti kú. Lónìí, bí mọ́tò bá ń kú lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, orin tí ẹ fi há etí kò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́.

Inú agolo ni pẹtiróòlù ń wà. Ẹni tó ń tà á á bu omi sí i díẹ̀, ẹni tó ń gbé e wá á bu díẹ̀, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ó ti di ọbẹ̀ ìyàwó mẹ́ta. Fìlà onírun kan tí mo jogún lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ni mo fi ń sẹ́ ẹ. Omi á dúró sókè, pẹtiróòlù á jò sísàlẹ̀. Lọ́jọ́ kan àlejò kan dé, ó rí fìlà náà níbi tí mo sá a sí, ó dé e kí oòrùn má baà pa á, ó sì ń wá iná tí yóò fi tan sìgá. Ìgbà tí mo sáré gba ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀, ó rò pé ahun ni mí.

Ará Ẹ̀pẹ́ ni mí o, Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni. Ẹ ti mọ ìtàn wa: àwọn baba ńlá wa tẹ̀lé ọba wọn kúrò ní Èkó nígbà tí ogun lé wọn, inú ọkọ̀ ni wọ́n sì gbà wá. Bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní ọkọ̀ ojú omi elẹ́ńjìnnì kan, Àlùbáríkà lorúkọ rẹ̀, ó ń fi kó èrò àti ẹrù láàárín Èbúté Ìkòròdú, Àgbòwá, Èjìnrìn àti Ẹ̀pẹ́. Bàbá rẹ̀ fi àjẹ̀ wa tirẹ̀ kó tó kú. Èmi ni àkọ́bí ọkùnrin, ojú mi ni wọ́n sì ń wò láti gba ìdí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, mo lọ kọ́ iṣẹ́ mọ́tò lọ́dọ̀ ẹnì kan ní Èkó tó ti bá àwọn ológun tún ọkọ̀ ṣe, nígbà tí mo sì gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, Ìkòròdú ni mo dúró sí.

Bàbá mi kò bá mi jà. Ìbá sàn kó bá mi jà. Ó kàn ní, "Omi ló gbé wa dé ibi tí a wà. Ìwọ wá ń sùn sábẹ́ ohun tó yẹ kí ènìyàn gùn." Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé iṣẹ́ kí ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe, á ní, "Ó wà ní Ìkòròdú." Kì í pè é ní iṣẹ́. Ọkọ̀ rẹ̀ a máa gúnlẹ̀ sí Èbúté ní gbogbo ọ̀sẹ̀, láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi kò jìnnà, kò yà rí. Ó dùn mí wọra. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́, bí ayé yìn ín dọ́la, etí kan ṣoṣo ló ń fi gbọ́ ọ.

Ràímì ló wá yí gbogbo ẹ̀ padà. Ràímì ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, agbo ilé kan náà ni wọ́n bí wa sí. Akọ̀wé ni nílé-iṣẹ́ òyìnbó kan ní Èkó, ó mọ aṣọ wọ̀, ó mọ irun yà sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ń padà sílùú wọn, ó ta mọ́tò rẹ̀ fún un. Mọ́tò kékeré aláwọ̀ ewé ni, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, kò ní òrùlé ju tapólì tí a ń ká sẹ́yìn lọ. Ènìyàn méjì ló ń gbà. Ẹnì kẹta, àfi bó bá ṣe ewúrẹ́. Eré sísá ni wọ́n ṣe é fún, kabureto méjì ló ní, bíi ihò imú méjì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ti gbó, èéfín ti dí i lọ́nà ọ̀fun, nígbà tí Ràímì sì gbé e dé òkè kan lọ́nà Ṣágámù, lọ́ọ̀rì tó kó ẹ̀gẹ́ ló yà á sílẹ̀. Àwọn obìnrin tó jókòó lórí ẹ̀gẹ́ ń juwọ́ sí i. Ọmọkùnrin náà dé ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú ìbínú.

Ó ní, "Ọ̀gá mẹkáníìkì, mi ò fẹ́ kó kàn máa rìn o. Mo fẹ́ kó sáré ju bí òyìnbó yẹn ṣe ń wà á."

Mo ní, "A ó fá orí ẹ̀, a ó la imú ẹ̀, a ó sì gé ìdí ẹ̀."

Ó ní kí n ṣe é.

Ẹ gbọ́, kí n ṣàlàyé kí ẹ tó máa rẹ́rìn-ín. Irin tó bo ẹ́ńjìnnì lókè ni à ń pè ní orí. Abẹ́ rẹ̀ ni iná ti ń jó. Bí ènìyàn bá ha ìsàlẹ̀ orí náà, tó tẹ́ ẹ sí i, àyè tí afẹ́fẹ́ àti pẹtiróòlù yóò fún ara wọn mọ́ á dínkù, iná á le, ọkọ̀ á lágbára. Fífá orí nìyẹn. Imú ni ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, a ó fi fáìlì róbótó ha inú rẹ̀ títí yóò fi dán. Ìdí ni páìpù tí èéfín ń gbà jáde, a ó gé èyí tó há, a ó fi èyí tó fẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Kò sí iṣẹ́ awo níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé, àwa mẹkáníìkì kì í pe mọ́tò ní mọ́tò. Orúkọ olówó rẹ̀ la fi ń pè é. Bí a bá ní "Súlè ti dé," lọ́ọ̀rì Súlè ni. Bí a bá ní "Ẹ jáwọ́ lára Alùfáà, ó ń jo epo," kì í ṣe alùfáà gan-an ni.

Nígbà tó ku ọ̀la tí a ó bẹ̀rẹ̀, aya àbúrò bàbá mi, Àǹtí Sàlá, ń bọ̀ láti Èbúté níbi tó ti wá ta ẹja gbígbẹ. Ó máa ń ya ọ̀dọ̀ mi láti fún mi ní ẹja díẹ̀. Èmi àti akẹgbẹ́ mi wà lábẹ́ mọ́tò, a kò rí i. Ohun tó gbọ́ rèé:

"Ràímì ti le jù. Láàárọ̀ ọ̀la la ó ṣí orí ẹ̀."

"Ṣé abẹ́ ni a ó fi fá a, àbí iyanrìn?"

"Iyanrìn ni. Bá mi wá okùn, kí a dè é mọ́lẹ̀ dáadáa kó má yẹ̀. Bí a bá fá orí tán, a ó kàn sí imú."

"Ìdí ẹ̀ ńkọ́?"

"Ìdí ló kẹ́yìn. Èmi fúnra mi ni n ó gé e."

Àǹtí Sàlá kò kí wa. Ó gbé ẹja rẹ̀ sílẹ̀ lórí àpótí irinṣẹ́, ó sáré padà sí Èbúté, ó bá ọkọ̀ tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ. Ẹja nìkan la bá. A jẹ ẹ́, a sì ń gbàdúrà fún un.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ó lè má yé yín. Nígbà náà, bí orí bá dàrú mọ́ ènìyàn, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn tó ń wo wèrè ń ṣe ni kí wọ́n dè é, kí wọ́n fá orí rẹ̀. Nínú ilé Mùsùlùmí bíi tiwa, ọmọ tuntun là ń fá orí fún lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Nígbà tí Àǹtí Sàlá ròyìn dé Ẹ̀pẹ́, àwọn àgbà agbo ilé jókòó, wọ́n rò ó síhìn-ín, wọ́n rò ó sọ́hùn-ún. Ràímì kì í ṣe ọmọ tuntun. Ìwé tó kà ni wọ́n gbà pé ó gun orí rẹ̀, wọ́n sì ní èmi, mẹkáníìkì tí kò gbọ́ràn, ni mo wá ń fi iyanrìn wò ó fúnra mi. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

Ní ọjọ́ kejì, oòrùn ti là dáadáa nígbà tí mo gbọ́ ohùn Àlùbáríkà láti Èbúté. Mo mọ ohùn náà bí mo ṣe mọ ohùn ìyá mi, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ rẹ̀ kọ́. Kò pẹ́ tí mo rí wọn lójú ọ̀nà. Bàbá mi ló ṣíwájú pẹ̀lú ọ̀pá. Ìyá Ràímì tẹ̀lé e, kò wé gèlè. Ààfáà agbo ilé wa gbé ìgò omi wàláà tí wọ́n fi ń wo aláìsàn dání, Àǹtí Sàlá sì ń tọ́ka sí ọ̀dọ̀ mi. Èrò tún ń rọ́ bọ̀ lẹ́yìn wọn. Èmi rèé lórí ìkúnlẹ̀, orí ẹ́ńjìnnì wà lórí tábìlì níwájú mi, mo ń fi iyanrìn ha á.

Bàbá mi dúró. Ó ní, "A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Olórí dà?"

Kí n tó la ẹnu, Ràímì yọ láti ẹ̀yìn igi ọ̀dán, ó ń jẹ àgbàdo sísun, irun rẹ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ bó ṣe máa ń yà. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé kò sí nǹkan?"

Ìyá rẹ̀ fò mọ́ ọn, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tú irun rẹ̀ bí ẹni ń wá iná orí. Ó wo imú rẹ̀. Ó yí i padà láti wo ìdí rẹ̀. Ràímì ní, "Ẹ rọra, Ìyá, kí lẹ ń wá?" Ìgbà tí a ṣàlàyé tán, gbogbo èrò ojú ọ̀nà ló bú sẹ́rìn-ín. Ààfáà wo ìgò ọwọ́ rẹ̀, ó wo mọ́tò, ó ní, "Ẹ kúkú bá mi dà á sí rídíátọ̀, n kò lè gbé e padà." Àǹtí Sàlá nìkan ló ní òun kò rí ohun tó pa ènìyàn lẹ́rìn-ín níbẹ̀, pé etí òun kò di.

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ti kó ẹrù oníbàárà sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ nítorí irin. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì rí i tó ń wo yíká: tábìlì, fáìlì, díńgí pẹlẹbẹ tí mo tẹ́ sábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì.

Ó ní, "Bí o bá fá a tán, kí ni yóò ṣe?"

Mo ní, "Á sáré, Bàbá."

"Sáré dé ibo?"

"Dé Ẹ̀pẹ́ bí ẹ bá fẹ́."

"Ojú omi ni ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ wà."

Òótọ́ ló sọ. Ọ̀nà tí ẹ̀ ń gbà láti ibí dé Ẹ̀pẹ́ lónìí kò sí nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ dé Ẹ̀pẹ́, á gba Ṣágámù, á dé Ìjẹ̀bú-Òde, kó tó wá yí orí padà sọ́nà etí ọ̀sà. Mo sọ fún un pé ọ̀nà yẹn ni n ó gbà, pé bí òun bá tu ọkọ̀ láàárọ̀, n ó dúró kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa kí n tó tẹ̀lé e, n ó sì dé ṣáájú rẹ̀. Èmi náà kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe já bọ́ lẹ́nu mi.

Bàbá mi ní, "Àṣẹ̀ṣẹ̀yọ ọ̀gọ̀mọ̀ tó ní òun ó kan ọ̀run, àwọn aṣáájú rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Ó dáa. Ọjọ́ Àráfà, mo ń kó àgbò Iléyá láti Èbúté lọ sílé. Bí mo bá ti kí sùbúù tán, mo lọ nìyẹn. Ìwọ dúró kí agogo ilé-ìwé lù. Bí mo bá bá ọ ní Ẹ̀pẹ́, èmi fúnra mi ni n ó jókòó sínú ohun yìí lọ sí yídì lójú gbogbo ayé. Bí ìwọ bá bá mi ńbẹ̀, o ó ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa, o ó sì wá gba ìdí ọkọ̀ lọ́wọ́ mi." Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo gbà. Ọjọ́ Iléyá kò jìnnà mọ́.

N kò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Iyanrìn tí wọ́n ń wà lódò Èbúté la fi aṣọ jọ̀ títí tó fi kúnná bí ìyẹ̀fun, a dà á sórí díńgí pẹ̀lú epo, a sì ń yí orí ẹ́ńjìnnì lé e lórí, tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Kì í ṣe ohun tí à ń fi ipá ṣe. Bí a bá fá a jù, àwọn fáàfù, ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́, á sọ̀ kalẹ̀ kan písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò, ẹ́ńjìnnì á sì fọ́ yángá. Mo lọ bu amọ̀ rírọ̀ létí omi Ìpakodò, mo fi í sórí písítìn, mo gbé orí náà dé e, mo fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan, mo tún ṣí i. Bí fáàfù ṣe tẹ amọ̀ náà ló sọ iye àyè tó kù fún mi. Ọ̀gá mi kò kọ́ mi níyẹn o. Bí àwọn obìnrin ṣe ń fi ìka tẹ amọ̀ ìkòkò ni mo ti rí i.

Kabureto méjèèjì ló gba sùúrù jù. Kí ihò imú kan má fà ju èkejì lọ. Mo fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí etí, mo fi ẹnu rẹ̀ kejì sí ihò kabureto, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Bí èyí bá ń fẹ́ "fíì," tí èyí sì ń fẹ́ "fúù," mo tún ìdè yí. Nígbà tí wọ́n mí lóhùn kan náà, mo mọ̀ pé ó tó. A ta iná sí i. Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwọn adìyẹ Ìtamàga fò gun igi. Ládàánì wá bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́, kí n má máa ṣí i sílẹ̀ bó bá di àkókò ìrun, pé òun kò gbọ́ ohùn ara òun mọ́. Inú mi dùn débi pé ńṣe ni mo dúró tì í, mo ń rẹ́rìn-ín, tí omi ń bọ́ lójú mi.

Ọjọ́ Àráfà pé. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Èbúté kí ilẹ̀ tó mọ́, mo kí sùbúù lẹ́yìn bàbá mi lórí iyanrìn. Àgbò ti kún inú Àlùbáríkà, gbogbo wọn ń ké. Ó wọ ìdí ọkọ̀ láìbá mi sọ̀rọ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń lù tùkù-tùkù títí ìkùukùu orí ọ̀sà fi gbé e mì. Mo padà sókè. Ẹ wò ó, kò sí ohun tó ń pẹ́ bí agogo ilé-ìwé lọ́jọ́ tí ènìyàn bá ń dúró dè é. Ràímì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó gbé agolo omi lé itan, òun ló ni mọ́tò ṣùgbọ́n ó ní èmi ni kí n wà á.

Agogo lù. Mo tẹ̀ ẹ́.

Atẹ́gùn gba fìlà mi lọ kí a tó dé orí títì, n kò wẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń jókòó sínú mọ́tò tí wọ́n sé mọ́ yín bí ẹyin, ẹ kò mọ ohun tó ń jẹ́ eré. Eruku pupa ń bẹ lẹ́nu wa, òórùn igbó ń bẹ nímú wa, kabureto méjèèjì sì ń fa atẹ́gùn níwájú wa bí ẹni ń fa ọbẹ̀ gbóná. A dé òkè tí lọ́ọ̀rì ẹ̀gẹ́ ti yà á sílẹ̀. Mọ́tò náà gùn ún bí ẹni pé ilẹ̀ tẹ́jú ni. Ràímì dìde dúró nínú mọ́tò, ó ń juwọ́ sí gbogbo igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, nítorí kò rí lọ́ọ̀rì kankan tí yóò juwọ́ sí.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àgbò ló dá wa dúró. Gbogbo ìlú ló ń fa àgbò lọ sílé, ọ̀nà kún, àgbò kan sì dúró síwájú wa, ó ń wo ojú ara rẹ̀ lára irin tó ń dán, ó fẹ́ kàn án. Ẹni tó ni í ń bẹ̀ ẹ́, èmi ń bẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí a fi jáde nílùú, oòrùn ti ga ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, mo wá ń fi ipá wà á.

Orí òkè kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìró kan ń dún nínú orí ẹ́ńjìnnì, kín-kín-kín, bí ẹni ń fi kọ́bọ̀ kan àwo. Agbára rẹ̀ lọ sílẹ̀, omi rídíátọ̀ ń hó. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ràímì ní, "Ó ti parí nìyẹn." Ẹ̀rù bà mí gan-an ni. Mo rí ara mi ní ìdí Àlùbáríkà títí ọjọ́ alẹ́, bàbá mi níwájú, tí kò ní sọ nǹkan kan sí mi, nítorí kì í fi ọ̀rọ̀ gún ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ṣí i, mo tẹ́tí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó yé mi. Orí tí a fá ti mú iná yára. Pẹ̀lú ooru ọ̀sán àti pẹtiróòlù burúkú yẹn, iná ń ràn kí písítìn tó gòkè tán, wọ́n wá ń kọlu ara wọn. Mo tú ìdè àpótí tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, mo yí i padà sẹ́yìn, bí ìbú èékánná. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ooru rọlẹ̀, a rọ omi sí rídíátọ̀. Ràímì ń wo omi náà bó ṣe ń dún wọlé, òùngbẹ ààwẹ̀ Àráfà ti mú ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Ó ní, "Nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ni kò gbààwẹ̀." Mo ta iná sí i. Ìró náà ti lọ. Ó gun òkè yẹn, ó gun èyí tó tẹ̀lé e, a kò sì dúró mọ́ títí òórùn ọ̀sà fi dé imú wa.

Mo wà á gba àárín ìlú dé etí omi. Àwọn tó ń dúró de àgbò tò sí èbúté, gbogbo wọn yí orí padà. Mo wo inú omi. Kò sí Àlùbáríkà. Mo pa ẹ́ńjìnnì, kí n lè gbọ́. Ó dákẹ́, ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn: tùkù-tùkù-tùkù, àti igbe àgbò. Mo gun orí àga mọ́tò, mo na ọwọ́ mi méjèèjì sókè. Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò mọ ohun tí àwọn ọba ń rí nígbà tí wọ́n bá gbadé, ṣùgbọ́n mo rò pé mo ti rí díẹ̀ nínú rẹ̀.

Bàbá mi gúnlẹ̀. Ó so okùn fúnra rẹ̀, kò kánjú. Ó wá síbi tí mo wà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé imú mọ́tò, ó sì yára gbé e kúrò.

Ó ní, "Ó gbóná."

Mo ní, "Ó sáré ni, Bàbá."

"Ìgbà wo lo dé?"

Mo ní, "A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, Bàbá." Ràímì ní, "Ẹ má dá a lóhùn, Bàbá. A ti sùn, a ti jí."

Ojú bàbá mi lọ sórí Ràímì, ó padà sára mi, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Kò tíì rẹ́rìn-ín sí mi bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Ó ní kí a wá bá òun já àgbò sílẹ̀.

Lónìí, ẹ̀yin a máa sọ pé ẹ fẹ́ lọ ṣe ọdún Kayọ̀kayọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ẹ ó wọ mọ́tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹ ó sì dé pẹ̀lú aṣọ tí kò rún. Nígbà náà, ẹsẹ̀ ni gbogbo Ẹ̀pẹ́ fi ń lọ sí yídì ní òwúrọ̀ Iléyá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní aṣọ funfun, àwọn obìnrin ń kọ wákà, àwọn arúgbó sì ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo fọ mọ́tò náà títí tó fi ń dán, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà agbo ilé wa. Èrò ti pé. Ìjókòó méjì ló wà, nítorí náà Ràímì, olówó mọ́tò, dúró láàárín àwọn tí yóò fi ẹsẹ̀ rìn, ó gbé bùbá rẹ̀ sókè kí eruku má bà á. Ìyá rẹ̀ ń bi í léèrè ìdí tí kò fi wọ mọ́tò tirẹ̀. Bàbá mi jáde pẹ̀lú agbádá ẹtù àti láwàní. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó wọlé, ó jókòó, ó kó agbádá rẹ̀ jọ sórí itan.

Nílé tiwa, a kì í pe ẹni tó di ìdí ọkọ̀ mú ní "ìwọ." Bó ṣe ọmọ àná ni, bó bá ti jókòó síbẹ̀, "ẹ̀yin" ló di títí ọkọ̀ yóò fi gúnlẹ̀, nítorí ẹ̀mí gbogbo wa ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà mi pàápàá, "ẹ" ló fi ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀ lójú omi, ọmọ tó bí. Bàbá mi ní tirẹ̀ kò rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún mọ́ láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, torí òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wà nídìí ọkọ̀.

Ó tún láwàní rẹ̀ ṣe. Ó wo iwájú, kò wò mí.

Ó ní, "Atukọ̀, ṣé ẹ ti ṣe tán?"

Mo ní, "Mo ti ṣe tán, Bàbá."

Ó ní, "Ẹ wà á."